Ọjọ́ Tí Mo Pa Ẹ̀rọ Kejì Lójúmọmọ

Bàbá mi, Bàbá ulé omi,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fèsì. Nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá, ẹ kì í fèsì lẹ́tà. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, tí n bá kọ ìwé gbọọrọ sí yín, iṣu inú àpò ìrẹsì ni ẹ máa ń fi rán awakọ̀ sí mi, màá sì mọ̀ pé ẹ ti kà á. Lónìí, n kò retí iṣu. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́nu iṣẹ́ láti ẹnu èmi fúnra mi, kí ẹlòmíì tó dé ọ̀dọ̀ yín lọ bù mọ́ ọn.

Yàrá Màmá ní Iyere ni mo jókòó sí. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, àwọn àgbá abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti kún dé ẹnu. Màmá wà nílé ìdáná, ó ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà, èyí tó sá òjò wọlé tí kò fẹ́ jáde mọ́. Ẹ ó máa rò ó pé kí ni mo wá ṣe ní Iyere lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ ní sùúrù, màá débẹ̀.

Ẹ rántí pọ́ǹpù méjì tó wà ní ulé omi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Wọ́n jọ ń ti omi sínú páìpù kan ṣoṣo tó wọ ìgboro Ọ̀wọ̀ lọ. Lọ́dọọdún, bí ọdún Ìgògò bá ti dé, ẹ máa ń pa ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó tú u palẹ̀, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó fi ọ̀rá pa á, èkejì yóò sì máa dá gbé ìlú títí ẹ ó fi parí. Òjò ìgbà yẹn ń kún àgbá, kò sẹ́ni tí òǹgbẹ yóò gbẹ bí omi ẹ̀rọ bá lọ́ra díẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì bi yín, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ṣebí ìlù pàápàá ń sinmi nígbà Ìgògò tí agogo ń bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ta wá ni pọ́ǹpù tí kò fi ní sinmi?

Fìlà yín ni mo rántí jù. Nígbà Ìgògò, ọkùnrin kì í dé fìlà ní Ọ̀wọ̀, obìnrin kì í wé gèlè. Orí yín á wà ní gbangba, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ ó ju fìlà sí. Bó ṣe di àṣà yín nìyẹn: bí ẹ bá ti pa pọ́ǹpù kan tán, ẹ ó gbé fìlà náà kọ́ ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń tan án. Ẹni tó bá rí fìlà níbẹ̀ ti mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó gbé e kọ́ nìkan ló sì lè gbé e kúrò. Mo rántí ọjọ́ tí ọ̀gá kan dé láti Àkúrẹ́, tó rí fìlà, tó rẹ́rìn-ín, tó sì nawọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbóhùn sókè, ẹ kígbe débi pé mo ju abọ́ oúnjẹ tí mo gbé wá fún yín sílẹ̀. Ọwọ́ ẹnìkejì yín wà nínú pọ́ǹpù náà títí dé ìgúnpá. Ọ̀gá yẹn kò rẹ́rìn-ín mọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọsibítù ìjọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà ńlá méjì, wọ́n sì fi èmi àti Rafíù sídìí wọn. Ọmọ télọ̀ kan láàárín ìgboro ni Rafíù, onísùúrù èèyàn ni, àfi tó bá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Orúkọ aláìsàn, oògùn tí kò bá a lára mu, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí kan tí àwọn méjèèjì jọ ń kà. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì á gba ẹrù rẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ, nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù kò tilẹ̀ ní mọ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó wá tò wọ́n ń ṣàlàyé èyí, ṣe ni gbogbo èèyàn ń wo ojú ara wọn. Èmi ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Pọ́ǹpù méjì, páìpù kan.

Bàbá Rafíù rán aṣọ àrán pupa méjì tó ní wájawàja létí, pé kí a máa fi bo àwọn àlejò wa kí eruku má bà wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá pa wọ́n lópin ọ̀sẹ̀, a ó dà á bò wọ́n bí ẹni tó fi aṣọ bo ọmọ. Nígbà tó di pé wọn kì í sùn mọ́ tọ̀sán tòru, àrán náà di ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àrán yìí.

Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀rọ kejì ti ń ké wínníwínní. Mo gbé etí lé e lára bí ẹ ṣe máa ń fi ìdí sukudiráfà gbọ́ ohùn pọ́ǹpù, mo sì mọ̀ pé fáànù inú rẹ̀ ń kú lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ayé ló ń pariwo pé bí a bá wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì tó ń bọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá tún ṣe yóò ka ọdún sẹ́yìn, ọmọ ọwọ́ yóò di arúgbó lójú rẹ̀. Fáànù tuntun ti dé, díìsìkì tí a ó fi tún ọdún rẹ̀ ṣe ti dé, wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kí a pa á, kí a ṣí i, kí a tún un ṣe, kí a tan án padà ló kù.

Alákòóso wa kò gbà. Èèyàn rere ni o, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ máa ń dẹ́rù bà á. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá tíì dákẹ́ kò ṣàìsàn. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Nígbà tó rí i pé n kò ní fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó ní kí a wá ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí kò sẹ́ni tí yóò rí wa. Mo ní rárá. Iṣẹ́ tí a bá ṣe níkọ̀kọ̀, bó bá wọ́, orí àwa nìkan ló máa wó lé. Lójúmọmọ, dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà ní wọ́ọ̀dù, ọkùnrin tó to ẹ̀rọ wà nídìí tẹlifóònù rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Bí nǹkan kan bá yí padà, ẹnìkan á tètè ké. Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò ká ní ọjọ́ tó ṣáájú, pé kí wọ́n pọnmi sílẹ̀? Ìgbà wo lẹ pa pọ́ǹpù ní bòókẹ́lẹ́ rí?

Ó wò mí títí, ó ní ó dáa. Ó ní ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ méjèèjì bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, òun yóò kó wọn lọ sí ilé ẹrù, a ó padà sí káàdì tí a ń kọ orúkọ aláìsàn sí tẹ́lẹ̀, èmi náà á sì wá ibòmíì gbà. Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Orí ń fọ́ mi bó ti máa ń fọ́ mi láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Mo bọ́jú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó lè bọ́ ló ń dùn mí, Bàbá. Káàdì ni. Mo rántí àárọ̀ tí a gbé yín wá, tí èmi àti obìnrin onífáìlì jọ ń tú àpótí káàdì láti òkè délẹ̀ tí a kò rí tiyín. N kò sọ pé káàdì ló pa yín o. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ti ń gbé kiri ló pa yín, dókítà sọ fún wa. Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ tí eruku káàdì kún ọwọ́ mi, tí dókítà ń béèrè ohun tí ẹ ti lò rí, tí n kò lè dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bó bá kù sí èmi, kò sí ọmọ ẹlòmíì tí yóò tún dúró bẹ́ẹ̀. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wa padà sídìí àpótí yẹn, ìbáà jẹ́ Alákòóso, ìbáà jẹ́ ẹ̀rù tèmi gan-an.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀sẹ̀ Ìgògò. Mo gba fìlà yín lọ́wọ́ Màmá, èyí aláró tí etí rẹ̀ ti ṣá. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní iṣẹ́ ni. Ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì nà án sí mi. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Rafíù lọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, a sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò gbé wa lọ́la, bí ohunkóhun bá lọ́ra kí wọ́n ránṣẹ́ pè wá.

Ilẹ̀ mọ́. A ń gbọ́ agogo láti ọ̀nà ìgboro. Orí mi wà láìwé gèlè bíi ti gbogbo obìnrin ìlú. A kò pa ẹ̀rọ náà bí ẹni pa iná o, Bàbá. Bí ẹ ṣe máa ń yí fáàfù díẹ̀díẹ̀ kí páìpù má baà bẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kó iṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí àkọ́kọ́: ti wọ́ọ̀dù ọmọdé, ti ilé oògùn, ti ẹ̀jẹ̀. A dúró, a wò ó bóyá àkọ́kọ́ rù ú tán. Ó rù ú. A sọ fún èkejì pé kó má gba iṣẹ́ tuntun mọ́. Nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́ ni mo tó pa á. Igbe wínníwínní yẹn dákẹ́. Mo gbé fìlà yín kọ́ ibi tí wọ́n fi ń tan án, mo sì ṣí i.

Eruku tó wà níbẹ̀! Ọyẹ́ ọdún mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, n kò lè sọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fò kiri yàrá. Rafíù ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń tú fáànù tó ti kú. Èmi kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń dá ṣiṣẹ́.

Bí Ìyá Dúpẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa, ọmọ Ijagba. N kò gbọ́ ìgbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ooru ń mú òun. Mo yíjú padà. Ó ti da àrán pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti ká etí rẹ̀ wọlé dáadáa, ibi tí ẹ̀rọ ti ń mí ti dí pátápátá.

"Ìyá Dúpẹ́! Ta ló da aṣọ bò ó?"

"Èmi ni. Ẹ dé fìlà fún ìyẹn, ẹ fi èyí sílẹ̀ lórí òfo, eruku sì ń bọ́ lé e. Àbí torí Ìgògò ni? Ìgògò yín ò dé Ijagba o, ẹ̀rọ yìí ò sì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀."

Mo fa àrán náà kúrò. Ara ẹ̀rọ náà gbóná bí ìkòkò orí iná. Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún gbé mi, n kò ráyè ṣe ìkankan. Bí òun náà bá dákẹ́ báyìí, gbogbo ọsibítù ti dákẹ́ nìyẹn.

Alákòóso ti gbọ́ igbe ẹ̀rọ láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Ó rí èyí tó ń ké, ó rí èyí tó dákẹ́, ó sì ṣe ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe. Ó sáré lọ sídìí èkejì pé kí a tan án padà kíá, ó sì nawọ́ sí fìlà yín.

Bàbá, n kò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ọwọ́ Rafíù wà nínú rẹ̀!"

Ọ̀gá mi ni mo kígbe mọ́ bẹ́ẹ̀ o. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú òfurufú. Rafíù gbé ojú sókè, ó rí ibi tí ọwọ́ náà dúró sí.

Mo ní a kò ní tan ẹ̀rọ tí a kò tíì tún ṣe tán. Mo ní ooru ló ń mú èyí tó ń ké, kí gbogbo wa fẹ́ ẹ. Ìyá Dúpẹ́ ti sáré jáde kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá aláboyún tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ náà tagbáratagbára, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ló fi ń mí. Mo yí fáànù tábìlì kọjú sí i. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Alákòóso fúnra rẹ̀ ti dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń fi fáìlì ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì kan wọlé wá béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tí wọ́n gbé dé láti Ijagba. Mo tẹ orúkọ ọmọ náà, èsì jáde, mo kọ ọ́ fún un. Ó wo Alákòóso, ó wo abẹ̀bẹ̀, ó ní ṣé kọ̀ǹpútà náà fẹ́ jọba ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹyọ kan ló ń gbé gbogbo wa.

Igbe náà rọlẹ̀, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rọ kò dákẹ́.

A fi fáànù tuntun sí èkejì, a ti ojú rẹ̀. Rafíù yọ ọwọ́ méjèèjì jáde, ó gbé wọn sókè kí gbogbo wa rí i. Nígbà náà ni mo gbé fìlà yín kúrò, èmi tí mo gbé e kọ́. Mo tan án. A jẹ́ kó jí dáadáa, a fi díìsìkì tún ọdún rẹ̀ ṣe, a jẹ́ kó mọ èkejì rẹ̀, kí a tó dá iṣẹ́ padà fún un díẹ̀díẹ̀. Alákòóso dúró títí a fi ṣe é tán. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí nítorí igbe tí mo ké mọ́ ọn. Ohun tó bi mí kò ju pé ọjọ́ wo ni a máa ṣe ti àkọ́kọ́, torí òun fẹ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ ṣáájú. A ti ṣe ìyẹn náà, lójúmọmọ. Àrán méjèèjì ti di ti Ìyá Dúpẹ́, ó ní òun yóò fi rán ìrọ̀rí.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ mi ti parí. Ibi tó le fún mi láti kọ ló kù.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, mo jókòó torí pé yàrá ń yí mi lójú. Nọ́ọ̀sì yẹn ló wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ń ru. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa wọ̀n ọ́n. Ó ti wí fún mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ pé kí n lọ rí dókítà, kí n gba ìsinmi. Mo sì ti dá a lóhùn pé ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá dẹ̀. Nígbà tó ń tú okùn náà kúrò lápá mi, mo gbọ́ ohùn ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ni. "Ó dìgbà tí uṣẹ́ bá dẹ̀." Ẹ sọ ọ́ fún Màmá ní ọdọọdún, ẹ sọ ọ́ fún èmi náà, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi ọwọ́ pa iwájú orí.

Inú bí mi sí yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí pọ́ǹpù bàjẹ́ tán kí a tó tún un ṣe, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ohùn irin láti ìta, èé ṣe tí ẹ ò gbọ́ ti ara yín? Ta ló fi yé yín pé gbogbo nǹkan ayé ló yẹ kó sinmi àfi ẹ̀yin? Ṣé ẹ rò pé a kò ní lè gbé e fún yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èmi àti Màmá? Mo fẹ́ràn yín, inú sì bí mi sí yín, mo sì ti gbọ́n.

Mo lọ rí dókítà. Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. Mo kó gbogbo nǹkan lé Rafíù lọ́wọ́ wẹ́wẹ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, mo dúró wò ó bóyá ó rù ú tán. Ó rù ú. Ìdí tí mo fi wà ní Iyere lọ́jọ́ iṣẹ́ nìyẹn, tí mò ń gbọ́ òjò, tí mò ń mu àgbo oníyọ̀ díẹ̀ tí Màmá ń pè ní ọbẹ̀. Màmá ti lé ewúrẹ́ náà jáde. Ó ń pè mí pé kí n wá jẹun, kí n fi ìwé sílẹ̀.

Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì, mo gbé fìlà yín kọ́ ẹ̀yìn àga mi. Ìyá Dúpẹ́ ló ń ṣọ́ ọ. Mo gbọ́ pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka kàn án, kódà Alákòóso. Ẹni tó gbé e kọ́ nìkan ló lè gbé e kúrò. Màá padà lọ gbé e, Bàbá, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń gbé abọ́ oúnjẹ wá sí ulé omi.